Ẹ Má Gé Wáyà Agogo Gáàsì

Ẹ̀yin ará, ẹ̀ẹ̀mejì ni agogo gáàsì ké lóru nínú kárábáànì tí a ń sùn níbi iṣẹ́ ọ̀nà, gáàsì kò sì jò. Ọ̀gá ní kí a gé wáyà rẹ̀. Mo kọ̀! Lóru àkọ́kọ́, oògùn ẹ̀fọn tí a fín ni. Lóru kejì, bátìrì tí a ṣáàjì jù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń tú èéfín. Agogo ọ̀hún sì ti gbó. Bí ọdún 5 sí 7 ni irú rẹ̀ ń lò. Owó tuntun ni wọn kò fẹ́ ná.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rà sí, nítòsí imú ẹni tó sùn. Bó bá ké, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì. Ìgbà náà ni kí ẹ wádìí. A ti kọ̀wé béèrè òmíràn.