Ẹ̀tọ́ Ara, Ẹ̀tọ́ Ará Ilé: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Méjì sí Orí Òkè Adó-Àwáyè

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá ń tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ní ilé-kéwú wa ní Agége, a ní kí àwọn ọmọ kéékèèké sọ iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Ọ̀kan ní bàbá òun ń wa ọkọ̀, òmíràn ní tòun ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Nígbà tó kan ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méje, ó ní, "Bàbá mi máa ń sùn ni." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ bàbá náà. Iléeṣẹ́ kan lágbègbè Ọba Àkran ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Nígbà tó bá fi máa bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láàárọ̀, ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé. Nígbà tí ọmọ bá dé, bàbá ti sùn lọ. Bó bá sì jí, àkókò iṣẹ́ ti tó. Ọmọ náà kò parọ́. Oorun ló mọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ọ̀pọ̀ nínú wa rí ládùúgbò yìí. Láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń bọ́ àìmọye ìdílé ní Ògbà, Agídíngbì, Ọ̀rẹ̀gún, Dọ̀pẹ̀mú àti Agége. A dúpẹ́ fún iṣẹ́. Ẹni tó bá ń làágùn kó lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí iṣẹ́ bá wá dé, kí la ń fi í ṣe? Sátidé, òde: aṣọ ẹbí, ariwo gbohùngbohùn, ìdúró nínú gòsìlóò. Ọjọ́ Àìkú, àsàlátù láàárọ̀, walímà lọ́sàn-án. Ọjọ́ Ajé, a tún padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ara tó rẹ̀ ju ti ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Èrò mi lọ́sẹ̀ yìí kò le. Mo ń fẹ́ kí ìdílé mùsùlùmí tó bá ní agbára rẹ̀ ya òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ lọ́dún, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ kúrò nínú ariwo Èkó, kí wọ́n lọ síbi tó dákẹ́, kí wọ́n sì rí ara wọn. Bí a bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, tí a sì gbé àníyàn rẹ̀ síbi tó yẹ, kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Sísan ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn wa ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ààfáà, ṣé ìgbafẹ́ náà ti wá di ẹ̀sìn ni?" Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Salmān àti Abū Dardā', gẹ́gẹ́ bí Bukhārī ṣe gbà á wá. Salmān lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bá ìyàwó ilé tí kò túra ká. Ó bi í ní ohun tó ṣe é. Ìyàwó jẹ́ kó yé e pé ọkọ òun kò bìkítà fún ohunkóhun láyé mọ́: ààwẹ̀ ní ọ̀sán, ìrun ní òru. Salmān mú kí Abū Dardā' jẹun lọ́jọ́ náà, ó mú kó sùn lápá kan òru, ó sì jẹ́ kó yé e pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, kó sì fún oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salmān sọ. Ẹ kíyè sí i: ìjọsìn ló gba gbogbo àkókò Abū Dardā', síbẹ̀ wọ́n tún un ṣe. Báwo wá ni ti àwa tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ àti òde ló gba tiwa?

Ibo la lè lọ? Ọlọ́hun kò fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ láìní ohun àrímáleèlọ. Nínú Sūratul-Ghāshiyah, Ó pè wá láti wo àwọn òkè, bí a ṣe gbé wọn kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ wà ní Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú kékeré ni, ẹsẹ̀ òkè ló wà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè náà tó 369 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kà á. Bí ẹ bá gùn ún tán, tí ẹ rìn síwájú lórí àpáta, ẹ ó bá adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Ìyákè, lórí òkè lọ́hùn-ún. Irú adágún orí òkè bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi wé e wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, kò jìnnà síbẹ̀, mùsùlùmí sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní wá mọ́ṣáláṣí tì.

Ọ̀nà méjì ló rọrùn fún ará Agége. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú irin. Láti ọdún 2021 ni reluwé tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ojú irin náà jẹ́ kìlómítà 157, ó sì ń dúró ní Agége. Ẹ lè wọ̀ ọ́ títí dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kí ẹ sì wọ mọ́tò láti ibẹ̀ gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn, nǹkan bíi kìlómítà 65, kí ẹ tó yà sí Adó-Àwáyè. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gba títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, kí ẹ sì ti ibẹ̀ kọjá sí agbègbè Ìbàràpá. Ẹ bèèrè àkókò ọkọ̀ ojú irin ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn, kì í ṣe òru.

Lórí owó, ẹ má yá owó nítorí ìsinmi. Ẹ má sì fọwọ́ kan owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹ dá àjọ kékeré láàárín ara yín nínú ilé fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ jókòó, kí ẹ ṣírò iye tí ẹ ná lórí aṣọ ẹbí lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú ìránṣọ, gèlè àti owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ yín á rí i pé owó ìrìn-àjò yìí ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ará òde ni ẹ ń ná an fún. Ẹ bá ẹni tí ẹ mọ̀ níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹ máa sùn, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Lórí ìrun, bí ẹ bá fẹ́ gbéra lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ kírun Jímọ̀ ná kí ẹ tó jáde. Ìrìn yìí ju nǹkan bíi 80 kìlómítà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímímọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n ìrìn-àjò, nítorí náà ẹ lè dín ìrun kù nígbà tí ẹ bá ti fi àwọn ilé ìlú yín sẹ́yìn. Àìlà, Àlàásárì àti Ìṣáì á di òpó méjì-méjì. Mọ̀gàríbà ṣì jẹ́ mẹ́ta, Àsùbáà ṣì jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kírun lẹ́yìn lèmọ́mù onílùú, ẹ bá a kí i pé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n fojú rí kì í tètè kúrò lọ́kàn wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín kù. Mo ti rí àwùjọ ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tó jọ ń lọ sùn sírú ibi báyìí, tí wọ́n ń pè é ní ìgbafẹ́ lásán. Ẹ má tan ara yín. Ọmọbìnrin ní ẹni tó yẹ kó bá a rìn: bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan lẹ̀ ń lọ, ó dára, ẹ yan ọ̀kan ní olórí gẹ́gẹ́ bí Ànábì ṣe pa á láṣẹ fún ẹni mẹ́ta tó bá rìnrìn-àjò, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀.

Ó wá ku ibi tó gba ìṣọ́ra jù. Ìyákè kì í ṣe omi lásán lójú gbogbo èèyàn. Àwọn kan gbà pé ẹ̀mí kan ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ń wá ọmọ a sì máa lọ tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin mi tí ẹ ti ń retí ọmọ fún ọdún pípẹ́, mo mọ̀ pé nígbà tí ìyá ọkọ bá ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, tí ènìyàn wá dúró níwájú omi tí wọ́n ní ó ń fúnni lọ́mọ, ọkàn lè fẹ́ yẹ̀. Ẹ rántí Ànábì Zakariyyā. Ó ti darúgbó, ìyàwó rẹ̀ kò bímọ, Ọlọ́hun nìkan ló sì tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀, ní bòókẹ́lẹ́. Nítorí náà, ẹ má ju owó sínú omi náà, ẹ má bù ú wálé fún ìwòsàn, ẹ má bá wọn ṣe ètùtù, ẹ má sì yan ọjọ́ ọdún rẹ̀ láti lọ.

Nígbà tí àwọn sàábé ń lọ sí Ḥunayn, wọ́n kọjá lára igi kan tí àwọn ọ̀ṣẹbọ máa ń fi ohun ìjà kọ́ fún ìbùkún. Àwọn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ní kí Ànábì ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn náà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó fi ọ̀rọ̀ wọn wé ti àwọn ènìyàn Mūsā tó ní kó ṣe òrìṣà fún àwọn. Tirmidhī ló gbà á wá. Ẹ ò rí i pé igi náà kò ṣẹ̀. Ohun tí ọkàn ń wá lára rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí mùsùlùmí má dé irú ibẹ̀ rárá. Òkè àti omi ti jẹ́ ti Ọlọ́hun kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di ojúbọ. Èmi kò fi Ìyákè wé ibi mímọ́ kankan, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà àìmọ̀kan, òrìṣà wà lórí Ṣafā àti Marwah. Àwọn sàábé kan ń ṣiyèméjì láti rìn láàárín wọn nítorí ìyẹn, kí Ọlọ́hun tó sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìwà àwọn ọ̀ṣẹbọ kò gba òkè méjèèjì lọ́wọ́ Ẹni tó ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó mú ìdílé rẹ̀ lọ sí abúlé ìyá rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá sì lọ, kó má bú ohun tí àwọn onílùú ń bọ, nítorí Ọlọ́hun kọ irú èébú bẹ́ẹ̀ fún wa nínú Sūratul-Anʿām. Àlejò ni yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gun òkè, ẹ kí Àsùbáà tán, kí ẹ gbéra kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi mímu dání. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má gùn ún, àpáta tútù kì í ṣe ohun eré. Kí aláboyún àti arúgbó dúró nísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú adágún náà, kí ẹ sì di ọmọ lọ́wọ́ mú létí rẹ̀.

Jābir sọ pé nígbà tí àwọn bá ń gòkè, àwọn a máa gbé Ọlọ́hun tóbi, nígbà tí àwọn bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn a máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Un. Ẹ wá ronú bàbá kan tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí wọ́n jọ ń sọ Allāhu Akbar lórí àtẹ̀gùn 369, tí wọ́n sì ń sọ Subḥānallāh bí wọ́n ṣe ń sọ̀. Bí ẹ bá dókè, ẹ pa fóònù. Ẹ má sáré gbé fọ́tò sórí Facebook kí ẹ tó wo ohun tí ẹ wá wò. Ẹ jókòó ti ara yín. Ẹ bi ọmọ léèrè orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ bi ìyàwó léèrè bí ara rẹ̀ ṣe le.

Bí ohun tí ẹ wá ṣe bá ti parí, ẹ tètè padà, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ṣe gba arìnrìn-àjò níyànjú. Ẹ délé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, kí ara lè balẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹ̀dá lọ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ yọ òde kan sílẹ̀ lóṣù yìí, kí ẹ lo ọjọ́ náà nílé pẹ̀lú àwọn tó jẹ́ tiyín.

Mo ti bá bàbá ọmọ ọjọ́ yẹn sọ̀rọ̀. N kò bá a wí, mo kàn sọ èsì tí ọmọ rẹ̀ fún wa fún un ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé, "Ààfáà, ọkọ̀ ojú irin yẹn, aago mélòó ló ń gbéra ní Agége?"

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàárín ìdílé wa, kó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó pa ìgbàgbọ́ wa mọ́ nílé àti lóko. Kó sì fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá a lọ́rẹ. Āmīn.