Ipò Ọkọ̀ Alágolo Láàárín Eré Ìdárayá Yorùbá

Bí ìdánwò èdè Yorùbá bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ eré ìdárayá márùn-ún, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó mú kálàmù: ayò, òkòtó, àrìn, ìjàkadì, ẹkùn mẹ́ran. Bí wọ́n bá ní kó fi ẹyọ kan kún un, yóò kọ bojúbojú. Ìdáhùn yìí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún léèrè, ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo tàbí ní abúlé tó wà lẹ́bàá títì, pé eré wo ló gba àkókò rẹ̀ jù nígbà èwe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì dárúkọ ọkọ̀ alágolo. Eré yìí kì í sábà sí nínú ìwé tí àwọn ọmọ wọn ń kà. Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Agolo mílíìkì tàbí ti sadíìnì ni ara ọkọ̀ náà. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni táyà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí táyà òun máa pariwo lórí ilẹ̀ líle á wá bàtà rọ́bà tó ti gbó, á fi abẹ gé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ roboto. Á fi ìṣó dá ihò sí i láàárín, á sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti so táyà méjì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ihò bá tóbi jù, táyà á máa mì. Bí ó bá kéré jù, kò ní yí. Bí kò bá sì sí ní àárín gbùngbùn, ọkọ̀ á máa tiro bí arọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí olùkọ́ ìṣirò kò tíì kọ́ ní nǹkan kan nípa ohun roboto ti mọ èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Okùn ni àwọn kékeré fi ń fà á. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á so ọ̀pá gígùn tàbí wáyà mọ́ táyà iwájú, wọn á ká orí rẹ̀ di sítíárìn, kí wọ́n lè nàró sáré kí wọ́n sì máa darí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹni tí kò rí agolo á gbẹ́ igi ògùrọ̀. Ẹni tí kò rí ìyẹn náà á wá ríìmù kẹ̀kẹ́ tàbí táyà ògbólógbòó, á máa fi igi lù ú, á máa sáré tẹ̀ lé e. Tí ọmọ mẹ́ta bá ti pàdé, eré ìje dé nìyẹn. Wọn á fi ẹsẹ̀ fa ìlà sí ilẹ̀, wọn á sì yan igi tí wọn yóò yí po. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè kó tó sáré, ojóóró ló ṣe.

Ohun tó yẹ kó ká olùkọ́ èdè lára jù lọ ni ọ̀rọ̀ tó kún inú eré náà. Ẹnu ọmọ ni ẹ́ńjìnnì: fùùù bí ọ̀nà bá tẹ́jú, gbùrùgbùrù bí ó bá ń gun òkè, kíì bí ó bá tẹ bíríkì lójijì. Ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn nìwọ̀nyí, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí lónìí láìmọ̀ pé bàbá òun ṣẹ̀dá irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà jẹ́ odindi gbólóhùn: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ìjàpá ni Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rogodo. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹnu aráàlú sọ ọkọ̀ ni ọmọdé mú wọ inú eré. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Awakọ̀ alágolo tó bá fẹ́ kí eré òun jọ ti òótọ́ ní láti yí padà pẹ̀lú àwọn àgbà.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló ni mọ́tò, nítorí náà eré àfarawé lásán ni, kì í ṣe àṣà Yorùbá. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkarahun ìgbín ni òkòtó láyé àtijọ́. Nígbà tí agolo dé, àwọn ọmọ gé páànù rẹ̀, wọ́n ká a ṣóńṣó, wọ́n sì ń ta á. Kò sẹ́ni tó yọ òkòtó kúrò nínú ìwé nítorí páànù. Ayò ńkọ́? Irú rẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, síbẹ̀ a kò jáwọ́ nínú pípè é ní tiwa. (Ti Lúdò, tí í ṣe eré ìje orí pátákó, ẹjọ́ mìíràn ni: Íńdíà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló tún un ṣe, tiwa kò ju pé a ń jà lórí rẹ̀.) Ohun tí ọmọ Yorùbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó fi èdè Yorùbá sọ orúkọ rẹ̀, tó sì fi òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ ta, kí ló kù tí yóò fi di ti Yorùbá?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fojú kékeré wo tiwọn. Ọkọ̀ ìṣeré Matchbox, tó jáde ní ọdún 1953, ti inú ilé kan bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin Jack Odell ń lọ kò gba ohun ìṣeré tó bá tóbi ju páálí ìṣáná lọ, bàbá rẹ̀ sì fi idẹ ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún un, kékeré débi pé ó wọ inú páálí náà. Lónìí, àgbàlagbà ń fi owó gidi ra àwọn àtijọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ìwé lórí wọn. Bàbá tó fi agolo sadíìnì ṣe ti ọmọ rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn kò ní ẹni tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Àkókò kò sì dúró. Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ mílíìkì wà báyìí, ike ni ìgò, ìdérí rẹ̀ náà ike. Ọkọ̀ gidi ti gba ojú títì lọ́wọ́ ọmọdé, òbí tó bá sì lé ọmọ rẹ̀ wọlé kò jẹ̀bi. Eré ìje ti bọ́ sórí fóònù, níbi tí ọmọ ti lè sáré láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò wọn, kó sì fi ṣe àròkọ oníṣìípayá. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàárín gé, gbẹ́, ká, kì àti so. Tọkùnrin tobìnrin ni kí ó ṣe é, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin ti dá a ní tó. Páànù agolo mú, ó lè gé ọmọ lọ́wọ́. Ìgò ike àti bàtà rọ́bà tó gbó yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Bí àwọn tó ń gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì ronú kàn án, kò sí òfin tó ní kí kíláàsì kan má sá eré ìje ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.