Ta Ni Alábòójútó Ìsìn Òwúrọ̀ ní Ilé-Ìwé Wa?

Ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń tò gbọọrọ ní ojú títì tí ó lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, agogo a máa dún ní àwọn ilé-ìwé tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ a tò sí pápá. Wọn a kọrin, wọn a gbàdúrà, wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn a sì wọ kíláàsì lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n nínú ogún ìṣẹ́jú yìí ni ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lónìí wà. Kò sí àkókò mìíràn nínú ọjọ́ tí ilé-ìwé fi ń wọ inú ilé onílé tó bẹ́ẹ̀. Orin ta ni wọ́n ń kọ? Àdúrà ta ni wọ́n ń gbà? Kí sì ni ọmọ tí kò sí nínú ẹ̀sìn náà ń ṣe nígbà tí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò ní kí a pa àdúrà tì ní ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kúrò nínú ìwé iṣẹ́ olùkọ́. Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdárúkọ Ẹlẹ́dàá. Ohun tí a ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni alábòójútó rẹ̀?

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Abala 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan, ní ibi ẹ̀kọ́ kankan, ní dandan láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti bá wọn lọ́wọ́ nínú ìsìn, bí ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn náà kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀, tàbí tí kì í bá ṣe èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Abala kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìjọ ẹlẹ́sìn láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn, ní ilé-ìwé tí ìjọ náà ń dá gbọ́ bùkátà rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà yé ọmọdé, ó yé àgbà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dárúkọ ẹni tí yóò dé ojú pápá ní agogo méje ààbọ̀ òwúrọ̀ láti wò ó bóyá a ń pa á mọ́. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ni yóò di ẹrù rẹ̀, tí yóò sì gba Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ.

Báwo ni ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ti jìn tó? Ẹ wo ọ̀ràn híjáàbù ní Èkó níbí. Kì í ṣe ọ̀ràn ìsìn òwúrọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n abala òfin kan náà ni wọ́n gbé lọ síwájú àwọn adájọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà da ẹjọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba nù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022 kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó parí rẹ̀, nígbà tí adájọ́ márùn-ún nínú méje fi àṣẹ sí i. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá wa ṣe é: ọmọ tí ó wọ JSS 1 ní ọdún ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti jáde ní SS 3 ní 2020. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ó ti bọ́ aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wà fún òbí tí ó ní owó agbẹjọ́rò àti sùúrù ọdún mẹ́jọ. Ọmọ ẹni tí ń dín àkàrà ní ọjà Ajah kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn aládùúgbò wa sì ti rí ohun tí ó ń tẹ̀lé e nígbà tí kò bá sí alárinà láàárín ọ̀gá ilé-ìwé àti adájọ́. Ní oṣù Kẹfà 2016, lẹ́yìn ìdájọ́ híjáàbù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé-ìwé Baptist High School ní Ìwó láti fi dáhùn híjáàbù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní oṣù Kejì 2022, ní ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìjágbó ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́: àwọn àgbàlagbà bá ara wọn jà ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé lórí ọ̀ràn kan náà, ẹ̀mí sì bọ́.

A kò tíì rí irú èyí ní Etí-Ọ̀sà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ibi tí Etí-Ọ̀sà jẹ́. Abúlé apẹja ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀ kí títì ọlọ́dà tó dé. Ní oṣù Keje 1990 ni ìjọba ológun wó Màrókò, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn rí ibi forí pamọ́ sí ní Ìlásàn àti Ìkọ̀tà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọlọ́rọ̀ dé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo dé, ará Ìlà-Oòrùn àti ará Òkè-Ọya dé pẹ̀lú. Lónìí, ọmọ lémọ́mù, ọmọ pásítọ̀, ọmọ apẹja tí bàbá rẹ̀ ń bọ Olókun, gbogbo wọn lè wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Láńgbàsà tàbí Badore. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ Ṣàngótẹ̀dó. Ṣàngó wà nínú orúkọ ìlú náà, ó wà lára pátákó ojú títì, ìjọba Èkó sì fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ìsinmi ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ 2023. Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣẹ̀ṣe tí yóò dárúkọ Ṣàngó ní ojú pápá ilé-ìwé níbẹ̀, a kò rò pé yóò lọ láìjẹ ẹgba.

Ohun mìíràn ni pé ilé-ìwé aládàáni pọ̀ ní apá yìí bí èèpẹ̀ etí òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìjọ tàbí ẹlẹ́sìn kan dá sílẹ̀. Àwọn onílé-ìwé náà a máa sọ pé, "Ilé-ìwé wa ni, ẹ̀sìn wa ni a ó ṣe." Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Òfin fún wọn láyè láti kọ́ ọmọ ìjọ wọn. Kò fún wọn láyè láti fi tipátipá mú ọmọ ìjọ ẹlòmíràn tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ wọlé, nítorí ibi ẹ̀kọ́ kankan ni òfin wí, kò ní ilé-ìwé ìjọba nìkan. Wọn a tún sọ pé òbí ti fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá sọ fún òbí náà tẹ́lẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, pé ọmọ rẹ̀ yóò máa wà nínú ìsìn báyìí báyìí, tí ó sì fara mọ́ ọn, a kò ní ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ní ojú ìwé kẹsàn-án fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí, lẹ́yìn tí ó ti san owó tí wọn kì í dá padà, ẹ̀tàn ni.

Kì í ṣe òní ni ìbẹ̀rù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1843 tí àwọn Wesley ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń rìn ni, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Nítorí èyí ni ìjọba Èkó ṣe dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní 1896, nítorí rẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen fi jáde ní 1923. Nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Awókòyà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìlérí wọn ni pé ọmọ gbogbo ènìyàn ni yóò wọlé. Jákàńdè tún ìlérí náà ṣe ní Èkó lẹ́yìn 1979. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń fi orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ẹ̀rí ní gbogbo ìgbà ìbò, ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò san kọ́bọ̀ ní ẹnu-ọ̀nà, ó ha yẹ kí ó fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ san án ní ojú pápá?

Ní ti inú kíláàsì, ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú ọgbọ́n kan tí kò bá a dé ibi kankan. Láti 2014 ni wọ́n ti da ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìlú sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé ẹ̀kọ́ tuntun. Ní 2017 ariwo gba ìlú, ẹgbẹ́ CAN fárígá, wọ́n sì tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàsọ́tọ̀ lè ṣe níbi tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì bá wà tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù kò sí? Ọmọ Mùsùlùmí yóò jókòó ti Jẹ́nẹ́sísì, tàbí kí a rán an lọ pọn omi.

Ọ̀nà kan wà tí a lè wò láwòkọ́ṣe, bí a kò tilẹ̀ gbà á ní odindi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ti 1944 sọ ìsìn ojoojúmọ́ di dandan ní ilé-ìwé ìjọba, ó sì fún òbí ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Òfin ti 1988 wá pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SACRE. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ó jókòó nínú rẹ̀: ìjọ Áńgílíkà, àwọn ìjọ Kristi yòókù pẹ̀lú àwọn ẹ̀sìn mìíràn, àwọn olùkọ́, àti ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn a máa gba ìmọ̀ràn jọ, wọn a máa gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún, ọ̀gá ilé-ìwé sì lè mú ẹ̀bẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn pé kí àwọn ọmọ òun má ṣe ìsìn ní ìlànà Kristi. A kò ní tan ẹnikẹ́ni pé Párádísè ni ibẹ̀. Ní 2004, David Bell tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn olùbẹ̀wò ilé-ìwé nígbà náà jẹ́wọ́ pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé-ìwé girama ni kò pa òfin ìsìn ojoojúmọ́ mọ́. Dandan náà ni ó kùnà. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà, àwọn ẹlẹ́sìn sì ṣì ń jókòó yí tábìlì kan náà ká láìlo ọlọ́pàá.

Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́ ní Ajah. Kò nílò òfin tuntun láti Àbújá. Ìwé Òfin 1999 ti fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ẹkùn Ẹ̀kọ́ Kẹta sì wà tí ó ń ṣe àkóso ilé-ìwé girama ìjọba ní Etí-Ọ̀sà, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Ẹ̀pẹ́ àti Erékùṣù Èkó. Kí káńsù Etí-Ọ̀sà East bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n pe lémọ́mù kan, àlùfáà ìjọ àtijọ́ kan, pásítọ̀ ìjọ tuntun kan, oníṣẹ̀ṣe kan, aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT, aṣojú àwọn onílé-ìwé aládàáni, àti òbí méjì. Kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé ẹ̀sùn kan wà ní ọ́fíìsì káńsù, kí ẹ̀sùn tí ó bá wọlé ní táàmù kan má ṣe wọ inú táàmù kejì láìní ìdáhùn. Kí wọ́n máa lọ dúró ní ojú pápá láìròtẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó oṣù nídìí rẹ̀. A mọ bí nǹkan ti ń rí láàárín wa: bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ìgbìmọ̀ á di oúnjẹ fún àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì káńsẹ́lọ̀ gbà.

Ẹgbẹ́ APC ni ó gba ipò alága káńsù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ àti LCDA Èkó ní ìbò oṣù Keje 2025, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lápapọ̀. Nítorí náà kò sí alátakò tí a ó di ẹ̀bi rù bí iṣẹ́ yìí kò bá ṣe é ṣe.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́. Àwa tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni ó ń mú ọ̀pọ̀ tíṣà sọ ìpéjọ òwúrọ̀ di ìwàásù. Ìtara ni, tàbí àṣà tí a bá nílẹ̀. Ìgbà mìíràn ọ̀gá ni ó pàṣẹ, tíṣà kò sì lè kọ̀. Olùkọ́ tí ó rí ọmọ tí wọ́n nà nítorí pé kò dáhùn "Àmín" kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó ní kí wọ́n nà án. Ìwé ẹ̀sùn tí a dárúkọ yìí yóò wúlò fún un gẹ́gẹ́ bí yóò ti wúlò fún òbí. Títí tí káńsù yóò fi ṣí i, ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní Ajah, Láńgbàsà, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó ránṣẹ́ sí Olóòtú ìwé ìròhìn yìí. A kò ní í tẹ orúkọ olùkọ́, a kò sì ní í tẹ orúkọ ilé-ìwé.