Aṣọ Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọ Wa

A fẹ́ pe àkíyèsí ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí ní Ìrèlè-Èkìtì àti gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé sí aṣọ tí a ń rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Pólíẹ́sítà ti gba ọjà. Whinfield àti Dickson, àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní 1941. Lónìí, láti inú epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe é jù.

Àwa kò bú u. Kì í tètè gbó, kì í rún, a sì máa yá gbẹ. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé-ìwé.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí kì í mu omi kò lè mu òógùn. Òwú, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá, a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ tó bí ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ti pólíẹ́sítà kò tó ìdá kan. Ọmọ tí ó jókòó lábẹ́ páànù ní oṣù Ẹrẹ́nà mọ ìyàtọ̀ náà.

Ti iná ni ó bà wá lẹ́rù jù. Lóòótọ́ òwú tètè ń gbiná, ṣùgbọ́n pólíẹ́sítà a máa yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ fi iná ràn án: òwú a rùn bí ìwé tí ń jó, a sì di eérú, èkejì a di kókó líle.

Kí ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ tó yan aṣọ, kí wọ́n ṣe ìdánwò yìí. Kí àwọn òbí sì rí i pé ọmọ bọ́ aṣọ ilé-ìwé kí ó tó dé ìdí àdògán.