Inú Oko ni Ṣáínà ti Bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe ńlá ni àwọn tó fẹ́ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi Ṣáínà ṣe àwòkọ́ṣe ń ṣe, nítorí pé ilé gogoro ìlú Shenzhen àti ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà là tí wọ́n sì ṣí ní 2021, ni wọ́n tẹjú mọ́, bẹ́ẹ̀ inú oko ni àtúntò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ti bẹ̀rẹ̀.

Títí di 1978, oko àjùmọ̀ro ni àgbẹ̀ Ṣáínà wà, ìyẹn oko tí gbogbo abúlé jọ ń ro, tí àwọn aláṣẹ sì ń pín ìkórè rẹ̀, débi pé ìpín ọ̀lẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti alápá-má-ṣọ̀lẹ. Ní ọdún náà, ní abúlé Xiaogang ní ẹkùn Anhui, àgbẹ̀ 18 fi àtàǹpàkò tẹ ìwé àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀ pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa ro ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó san ti ìjọba, kí ó sì kó ìyókù lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà léwu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́jẹ̀ẹ́ láti bá ẹni tó bá ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀ tọ́ ọmọ. Ìjọba Deng Xiaoping sọ irú àdéhùn yìí di ìlànà, ó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tó ń ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní 1979, ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ń pọ̀ sí i ní ìgbèríko, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi kúrò ní mílíọ̀nù 28 ní 1978 di mílíọ̀nù 135 ní 1996.

Àwọn kan a máa sọ pé ọwọ́ líle ìjọba ló gbé Ṣáínà ga. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, tí ọwọ́ rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń ṣèjọba lábẹ́ Mao Zedong nígbà tí ìyàn 1959 sí 1961 pa àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn, tó sì jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ni ìkórè ló yí padà.

Ó yẹ kí èyí yé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ìlú mìíràn lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé, ọba ìlú náà, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní 1969 nínú rògbòdìyàn àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti wọ̀ lọ́rùn. Lónìí, kajú ń kúrò ní agbègbè náà pẹ̀lú èèpo lára, ó ń lọ sí Vietnam àti India níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí èrè tó pọ̀ jù sì ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ, nígbà tí máńgòrò ń jẹrà nídìí igi. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ Fáṣọlá ṣe nítòsí ìlú Ọ̀yọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá ló sáré pè. Kí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó gba ilẹ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ìjọba kọ́kọ́ fún ní ìwé ilẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ, bí Ṣáínà ti fún àwọn tirẹ̀ ní ọdún 15 ní 1984, tó sì sọ ọ́ di 30 ní 1993, kí ẹ̀rọ tí ń fọ́ kajú sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó gbin kajú náà.