ONÍJÀGÍDÍJÀGAN KAN, ÌRẸ̀WẸ̀SÌ FÚN GBOGBO ILÉ

Ẹ̀yin olùdìbò, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà! Àsìkò ìbò ti tún dé. Ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ bá yín sọ, ó sì kan ẹgbẹ́ tiwa náà.

Àwọn kan ń wí pé, "Ẹni tó lè jà ni ká rán lọ sílé aṣòfin." Wọ́n rò pé bó bá ti lè pariwo, tó lè bú Abẹnugan, iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe yẹn. Irọ́ ni!

Ẹ rántí Ìbàdàn, ọjọ́ 25 oṣù May, 1962. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti pín sí méjì. Wọ́n ti yọ Olóyè Akíntọ́lá, wọ́n ti fi Alhaji Adégbenró sípò Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ilé Ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó kí àwọn aṣòfin fi ìbò sọ tinú wọn. Wọn ò tíì dìbò tí àwọn díẹ̀ fi dá ilé rú. Àga ń fò, wọ́n sọ ọ̀pá àṣẹ di kùmọ̀, ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n tún jókòó lọ́jọ́ yẹn kan náà, ìjà tún bẹ́. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alábòójútó títí ọdún fi parí.

Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe gbogbo aṣòfin ló jà. Ọ̀pọ̀ wọn, ìbò ni wọ́n wá dì. Ṣùgbọ́n àtẹni tó ju àga, àtẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ìta ni gbogbo wọn bọ́ sí.

Ibi tó ti ń dunni nìyẹn. Oníjàgídíjàgan kì í bá ọ̀tá nìkan jà, ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ẹni tó fi òru ka ìwé ìṣúná, tó fẹ́ béèrè owó ọ̀nà oko yín, bí wọ́n bá hó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ á sú u. Bó bá tilẹ̀ wá, á panu mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 22 oṣù June, 2010, àwọn aṣojú-ṣòfin jà l'Ábújá títí aṣọ fi ya, wọ́n sì dá 11 nínú wọn dúró. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ fún ìlú tó rán wọn?

Àtakò kì í ṣe ìjà. Nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí alátakò l'Ékòó, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ta ko àdéhùn ológun tí ìjọba bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní January 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà.

Nítorí náà, bí olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi àwọn ará àdúgbò rẹ̀: ṣé ó máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán nípàdé? Bí wọ́n bá borí rẹ̀, ṣé ó ń gbà, àbí ńṣe ló ń tú ìpàdé ká? Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tiwa ló fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ẹ dá a padà fún wa!

Igi gangan­ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ fi ìbò yín yan ẹni tí ojú ò ní tì yín sí.