Pínpín owó sí ọ̀nà méjì nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti pín owó sínú àpò ìdókòwò méjì, ewu ti kúrò nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: bí ọ̀kan bá já wálẹ̀, kí ni èkejì máa ń ṣe?

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn èyí. Bí ó bá sún mọ́ 1, méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń já. Bí ó bá wà nítòsí 0, kálukú ló ń lọ lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2008. Òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò l'Ékòó ju 66,000 lọ nínú oṣù kẹta; láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tó ní àpò méjì, tí ìpín báńkì kún inú méjèèjì, pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi apá kan yá ìjọba nípasẹ̀ treasury bill ṣì gba owó ìyẹn pé.

Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́. Àmọ́ bí àgbàrá kan ṣoṣo bá lè gé ọ̀nà méjèèjì, kí la wá yà sí? Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.